Ta ló dí yín lọ́nà? Ìfiwéra àwọn ibi tí oníṣẹ́ ọnà Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì ti lè rí owó àti ààbò

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ní Ìkòròdú níbí, látọ̀dọ̀ àwọn olórin, òṣèré tíátà, àwọn tó ń ṣe skit àtàwọn tó ń yàwòrán sára ògiri, ni pé "ẹ̀gbọ́n, grant wo ló wà nílẹ̀ báyìí?" Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè, owó ò sí níta. Àmọ́ kí n tó dárúkọ àjọ kankan, màá kọ́kọ́ bi ẹni náà pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, ta ló dí ẹ lọ́nà? Torí mo ti rí ẹni tí wọ́n jẹ lówó òde tó jókòó ti fọ́ọ̀mù àjọ kan ní Yúróòpù, tó jẹ́ pé àwọn tí wọ́n fẹ́ pa nítorí iṣẹ́ wọn ni àjọ yẹn ń ràn lọ́wọ́, ó kọ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ibi tó sì ti lè gba owó ẹ̀ padà wà ní Èkó níbí, kò mọ̀.

Torí náà mi ò ní to àwọn àjọ yìí bí owó wọn ṣe pọ̀ tó. Wàhálà tó bá yín ni màá fi pín wọn, kí ẹ lè rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu.

Wọ́n pè yín ṣeré, wọn ò sanwó

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló rọrùn jù láti yanjú. Ibi méjì ni mo máa ń darí èèyàn sí. Àkọ́kọ́ ni Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á pe ẹ̀yin àti ẹni tó jẹ yín jókòó, wọ́n á bá yín sọ ọ́ títí ẹ ó fi fẹnu kò. Ìkejì ni Small Claims Court tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2018. Ìyẹn ilé ẹjọ́ ni ní tiẹ̀, gbèsè tí ò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n fojú sùn láti parí ẹ̀, ẹ dẹ̀ lè fẹnu ara yín rojọ́ láìgba lọ́yà.

Tó bá jẹ́ pé ẹni tó jẹ yín ṣì máa pè yín sóde lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí tó jẹ́ ará àdúgbò tí ẹ jọ ń ríra ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ sí mediation, ẹ má tètè ba àjọṣe jẹ́. Tó bá ti ń wo ìpè yín tí ò gbé e mọ́, tó ti pa yín tì lórí WhatsApp, ẹ kọ lẹ́tà sí i pé kó san owó yín, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ wà lórí ẹ̀, kí ẹ wá gba ilé ẹjọ́ lọ. Ibi tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí iye owó lórí WhatsApp yẹn, ẹ má pa á rẹ́ o, kódà tí fóònù bá ti kún.

Wọ́n jí iṣẹ́ yín

Ọ̀rọ̀ ibí yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti gbèsè, ibẹ̀ dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹjọ́ kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní lórí iṣẹ́ ẹ̀, Federal High Court nìkan ló lè gbọ́ ọ. Májísíréètì Ìkòròdú ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Tí ẹnì kan bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín gbé ẹni tó jí orin yín lọ síbẹ̀, owó yín ló ń jẹ.

Òfin tí a ń lò ni Copyright Act 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023. Ohun mẹ́ta nínú ẹ̀ ló yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ ọnà mọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí ẹ ti gba iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni lu òǹtẹ̀ kankan kó tó di tiyín. Ti orin tí ẹ kọ, ìwé àti àwòrán tí ẹ yà máa wà fún ìgbà tí ẹ bá fi wà láyé, á sì tún wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ẹ̀, kí àwọn ọmọ lè jẹ níbẹ̀; ti fíìmù, fídíò àti ohùn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀, ọdún 50 ni látìgbà tó ti jáde. Ìkẹta yìí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù, ẹni tó bá sọ pé ẹ ti ta orin yín fún òun gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ olórin, yálà mákẹ́tà ló sọ ọ́ o, yálà ẹni tó ní stúdíò ni.

Ẹ wá jẹ́ ká fi àwọn tó lè ràn yín lọ́wọ́ wéra. Nigerian Copyright Commission, NCC, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ẹ lè lọ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe pé ìyẹn ló fún yín ní ẹ̀tọ́ o, ẹ̀rí ọjọ́ ló jẹ́, ó máa wúlò tí ẹnì kan bá ní òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Wọ́n tún máa ń gba ẹ̀sùn, wọ́n lè lọ kó ayédèrú, wọ́n dẹ̀ lè gbé olè iṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́. MCSN (Musical Copyright Society Nigeria) ní tiẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá, owó ló ń gbà. Láti 2017 ni NCC ti fún wọn láṣẹ pé kí wọ́n máa gba owó orin lọ́wọ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n, hòtẹ́ẹ̀lì àtàwọn tó ń fi orin ṣòwò, kí wọ́n pín in fún àwọn tó ni ín. Ẹgbẹ́ tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn onífíìmù ni AVRS, ti àwọn òǹkọ̀wé ni REPRONIG. Tí orin yín bá ń dún ní rédíò tí ẹ ò sì forúkọ sílẹ̀ ní MCSN, owó tó yẹ kó kàn yín ò ní mọ ọ̀nà ilé yín. Tó bá wá jẹ́ pé ẹnì kan gbé odindi fídíò yín sórí ṣánẹ́ẹ̀lì tiẹ̀, ìyẹn ò tiẹ̀ nílò NCC lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kọ̀wé sí YouTube tàbí Facebook fúnra wọn pé kí wọ́n yọ ọ́. Òfin 2022 yẹn náà fún yín lágbára láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó ń gbé nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe skit àti àfarawé, ẹ gbọ́ tiyín náà. Òfin yẹn kan náà gbà láyè pé kéèyàn fi iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe àwàdà, ẹ̀fẹ̀ àti àfarawé láàárín ìwọ̀n tó bójú mu. Àwọn ọmọ wa Ikorodu Bois tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù, ìkòkò àti igi ìgbálẹ̀ ṣe àfarawé fíìmù ńláńlá, débi pé Netflix fi ohun èlò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020, irú iṣẹ́ tí mò ń wí nìyẹn. Tí ẹnì kan bá ń dẹ́rù bà yín pé òun máa tì yín mọ́lé torí ẹ fi òun ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ má tíì yọ fídíò kúrò, ẹ kọ́kọ́ bi lọ́yà.

Àgbádárìgì ló ní ọ̀rọ̀ tó le jù lábẹ́ ìsọ̀rí yìí. Ká ní iléeṣẹ́ kan wá ya fídíò Zángbétó níbi ọdún, wọ́n gbé e sínú ìpolówó ọjà wọn, wọn ò dárúkọ ìlú, wọn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló ni Zángbétó? Kì í ṣe ẹnì kan, gbogbo àwọn Ògù ló ni ín, torí ẹ̀ ni kò fi sí ẹni tó lè dìde lóun nìkan pé wọ́n jí iṣẹ́ òun. Àmọ́ apá kan wà nínú òfin náà tó dáàbò bo àṣà ìbílẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò níta ibi tí wọ́n ti ń ṣe é gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, NCC ló sì máa fún un láṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tó ti rí i. Torí náà, níbi tí ẹnì kan ti lè lọ bá NCC lórí orin ẹ̀, ìlú ló gbọ́dọ̀ lọ lórí Zángbétó, kí ààfin àtàwọn àgbà ẹgbẹ́ jọ kọ̀wé kan ṣoṣo. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ Àgbádárìgì gbé èyí wá síwájú àwọn àgbà wọn, torí tí ìlú bá dákẹ́, a ò rí ẹni tó máa bá wọn sọ ọ́.

Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é

Ibi tí ara mi ti ń gbóná jù rèé. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, ní 1964 ìjọba Western Region fòfin de Hubert Ogunde àti ẹgbẹ́ rẹ̀ torí eré kan tó kan ọ̀rọ̀ òṣèlú, àfìgbà tí ìjọba ológun dé ní 1966 kó tó padà síbẹ̀. Ní 2018 NBC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bu owó ìtanràn 100,000 náírà lé rédíò kan ní Jos lórí torí pé wọ́n gbé orin Falz kan sáfẹ́fẹ́. Ní oṣù kẹrin 2025 wọ́n tún kọ̀wé sí àwọn rédíò pé kí wọ́n má gbé orin Eedris Abdulkareem kan tó ń bá Ààrẹ wí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹ máa ti mọ ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́. NBC kì í fọwọ́ kan olórin fúnra ẹ̀, rédíò ló ń fìyà jẹ, rédíò á wá bẹ̀rù, á sì pa orin yẹn tì. Agbára NBC ò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe dé orí rédíò. Tí wọ́n bá ti orin yín mọ́ta lórí afẹ́fẹ́, owó lọ́yà ni ẹ nílò, ẹ ò nílò ibi ìsápamọ́ sí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló wá gbé yín torí pọ́síìtì tàbí orin, ọ̀rọ̀ ti di ti wákàtí nìyẹn.

Tí ọlọ́pàá bá mú yín, Òfin Orílẹ̀-èdè, abala 35, ní kí wọ́n gbé yín lọ sílé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Ìkòròdú ní ilé ẹjọ́, Ẹ̀pẹ́ ní, Àgbádárìgì ní, torí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún yín pé ilé ẹjọ́ jìnnà. Béèlì ọ̀fẹ́ ni. Abala 39 ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tó wà nínú yín. Òfin tí wọ́n sábà máa ń fi mú èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni abala 24 nínú Cybercrimes Act 2015, ilé ẹjọ́ ECOWAS ti sọ ní oṣù kẹta 2022 pé abala yẹn tako ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024, àmọ́ kò kúrò nílẹ̀ o, wọ́n ṣì ń lò ó.

Lọ́yà ọ̀fẹ́ ńkọ́? Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lóṣù ò ju owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà lọ ni wọ́n ń gbà, ìyẹn 70,000 náírà láti 2024. Office of the Public Defender, ìjọba Èkó ló ni ín, ìyẹn súnmọ́ wa jù, òun ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá wà ní àgọ́ ọlọ́pàá Ẹ̀pẹ́ lálẹ́ òní. National Human Rights Commission ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ìwádìí ni tiwọn, kì í yá bíi ti lọ́yà, ẹ lò ó lẹ́yìn tí èèyàn bá ti jáde. Tó bá jẹ́ pé pọ́síìtì ni, ẹ wá Paradigm Initiative tó wà ní Yábàá, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wọn. Media Rights Agenda náà wà ní Èkó láti 1993, tí ọ̀rọ̀ bá kan rédíò àti ìwé ìròyìn, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ lọ.

Èwo wá ni ti Freemuse? Copenhagen ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1998 láti gbèjà àwọn olórin tí wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́, wọ́n ti wá ń gbèjà gbogbo oníṣẹ́ ọnà báyìí. Wọn kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń gba owó. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, wọ́n á pariwo ẹ̀ fún ayé gbọ́, wọ́n á kọ̀wé sí ìjọba. Ẹ fi wé Front Line Defenders tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dublin ní 2001, àwọn wọ̀nyẹn ní fóònù tí ẹ lè pè tọ̀sán tòru, wọ́n sì ní owó ààbò tó lè tó 7,500 euro fún ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn láìlo ipá, ẹ lè fi ra kọ́kọ́rọ́ àti kámẹ́rà sílé, ẹ lè fi san owó lọ́yà tàbí owó ọsibítù, ẹ lè fi kó kúrò níbi tí ẹ wà. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé iṣẹ́ yín gbèjà ẹ̀tọ́ ẹnì kan. Orin ìfẹ́ tí wọ́n jí ò bá tiwọn mu.

Mo fẹ́ kí ẹ ronú lórí ọ̀rọ̀ ariwo yìí kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé Àbújá ni wàhálà ti wá, ariwo ń ràn yín lọ́wọ́, torí ìjọba ń bẹ̀rù ojú ayé. Tó bá jẹ́ pé àdúgbò ni, ariwo lè pa yín lára. Ká ní ẹ ṣe eré kan nípa Orò ní Ìkòròdú tí àwọn àgbà sì bínú, tí àjọ òyìnbó kan bá lọ gbé e jáde pé àwọn àgbà Ìkòròdú ń halẹ̀ mọ́ òṣèré, ẹ ti di ọ̀tá ìlú nìyẹn, ìyá yín tó ń tajà ní Sábó ló máa kọ́kọ́ fojú winá ẹ̀. Irú ìyẹn, ẹ wá àgbà kan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún kó bá yín wọlé lọ, kí ẹ ṣàlàyé, kí ẹ gbọ́ tiwọn. Tí wọ́n bá ṣì ń dún kookò mọ́ yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìrànwọ́ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ̀mí ti wà nínú ewu

Tí wọ́n bá ti wá sílé yín, tí ẹ ò lè sùn síbẹ̀ mọ́, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí àwọn tó wà lókè yìí. Artists at Risk Connection, ARC, ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. PEN America, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní 2017. Iṣẹ́ wọn gan-an ni pé wọ́n mọ gbogbo àwọn tó kù, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, wọ́n á sọ fún yín pé èyí ni ẹ tóótun fún, èyí ò gbà yín. Ó sàn ju kí ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù kiri lọ pẹ̀lú ọkàn tó ń jà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ibi ìsádi wéra. ICORN, tí olú iléeṣẹ́ ẹ̀ wà ní Stavanger ní Norway, máa ń wá ìlú kan tó máa gba òǹkọ̀wé tàbí oníṣẹ́ ọnà fún ọdún méjì, pẹ̀lú ilé àti owó oúnjẹ. Ó dára gan-an, àmọ́ àwọn tó ń béèrè pọ̀ ju àwọn ìlú tó ṣí sílẹ̀ lọ, ẹ ó dúró pẹ́, ẹ ó tún dúró de físà. Artist Protection Fund ti Institute of International Education (IIE) ní Amẹ́ríkà, ọdún kan ni tiwọn, ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí ilé iṣẹ́ ọnà kan ló máa gbà yín. Martin Roth Initiative ní Jámánì náà wà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti rí ilé iṣẹ́ ọnà kan tó fẹ́ gbà yín, àwọn ni wọ́n máa bá yín béèrè.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún àwọn èèyàn wa ni AfricanDefenders, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn ní Áfíríkà. Wọ́n ní àwọn ìlú ìsádi nínú Áfíríkà fúnra ẹ̀, bíi Kampala, Tunis àti Abidjan. Ẹ wo Abidjan yẹn dáadáa. Ọ̀nà tó gba Àgbádárìgì kọjá sí Sẹ̀mẹ̀ yẹn náà ló ń bá etíkun lọ títí dé Abidjan, ọmọ ECOWAS dẹ̀ ni wá, ẹ lè wọ ibẹ̀ fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ẹni tí wọ́n ń lé kiri lọ́sẹ̀ yìí ò lè dúró de Norway. Ó lè dé Abidjan. Ẹ ò jìnnà sílé jù, ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀ kí ẹ padà wá, ẹ ò ní fi ilé àti ọmọ sílẹ̀ fún ọdún méjì.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, láti oṣù kìíní 2025 tí Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, ọ̀pọ̀ àjọ ni ọwọ́ wọn ti há. Ẹ kọ́kọ́ fi ímeèlì kékeré béèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba èèyàn, kí ẹ tó jókòó ti fọ́ọ̀mù.

Ímeèlì yẹn, ojú ìwé kan péré ni. Àwọn tó ń kà á ò fẹ́ ìtàn ìgbésí ayé yín, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tó fà á, àti ohun tí ẹ nílò. Ẹ wo bí ẹnì kan ní Ẹ̀pẹ́ ṣe lè kọ ọ́:

"Olórin wákà ni mí, Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé. Ní oṣù kẹta mo kọ orin kan nípa ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn apẹja. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àwọn ọkùnrin mẹ́rin wá sílé mi lálẹ́, wọ́n ní tí mo bá tún kọ ọ́ àwọn á jó ilé náà. Mo fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo ní ìwé ẹ̀, wọn ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mo wà báyìí pẹ̀lú ọmọ méjì. Mo nílò owó ilé fún oṣù mẹ́ta níbòmíì, àti lọ́yà."

Ó tán síbẹ̀. Ẹ so fídíò orin náà mọ́ ọn, ẹ so fọ́tò ìwé ọlọ́pàá mọ́ ọn, ẹ so ohùn tí wọ́n fi halẹ̀ mọ́ yín lórí WhatsApp mọ́ ọn, kí nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ hàn. Ẹ fi orúkọ èèyàn méjì sí i tó mọ yín tí wọn kì í ṣe ẹbí yín, wọ́n máa pè wọ́n. Ẹ má fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ láti fóònù tí ọmọ àdúgbò ń bá yín ṣí. Tí ẹ bá sì ti ń fura pé ẹnì kan ti wọ àkáǹtì yín, Access Now ní àwọn tó ń dáhùn tọ̀sán tòru lọ́fẹ̀ẹ́ láti bá yín tún un ṣe.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó "processing" lórúkọ àwọn àjọ yìí, gbájúẹ̀ ni. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ kankan.

Kò sẹ́ni tó dí yín lọ́nà, owó láti ṣiṣẹ́ ni kò sí

Níbí gan-an la ti lè wá sọ̀rọ̀ grant bí ẹ ṣe ń béèrè ẹ̀. Seed Awards ti Prince Claus Fund ní Netherlands, 5,000 euro ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nínú iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń fún, ìwọ nìkan, o ò nílò ẹgbẹ́ kankan, wọn kì í sì í sọ fún ẹ pé kí o fi ṣe báyìí tàbí báyẹn. Ẹ fi wé International Fund for Cultural Diversity ti UNESCO, ìyẹn lè tó 100,000 dọ́là, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó tóótun torí a ti fọwọ́ sí àdéhùn UNESCO ti 2005 lórí oríṣiríṣi àṣà láti 2008. Àmọ́ ẹyọ ènìyàn ò lè gbà á, àjọ tó ti forúkọ sílẹ̀ ló lè béèrè, ẹ máa nílò ìwé CAC, àkáǹtì àjọ, ètò ìnáwó, àbọ̀ ìròyìn lórí gbogbo kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ onítíátà Ẹ̀pẹ́ tó ti wà fún ọdún mẹ́wàá tí wọn ò tíì ṣe CAC, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń dá yàwòrán ní Ìjẹ̀dẹ́, Seed Awards ni kó máa ṣọ́.

Owó báǹkì bíi ti Creative Industry Financing Initiative tí CBN gbé kalẹ̀ ní 2019, lóònù ni, ẹni tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà pẹ̀lú èlé. Kò burú fún ẹni tó ní ọjà tó ń tà. Fún ẹni tó fẹ́ kọ orin tó máa bí alágbára nínú, ẹ má yá owó sí i.

Èyí wá kan owó kejì tí gbogbo wa mọ̀ tí a kì í kà mọ́ grant, owó olóṣèlú. Ìbò 2027 ń bọ̀, wọ́n á máa pe olórin káàkiri Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì. Kò sí aburú nínú kí olórin ki ẹni tó bá wù ú, àwọn bàbá wa fi oríkì jẹun. Àmọ́ ẹ fi í wé owó Prince Claus yẹn kí ẹ rí ìyàtọ̀ ẹ̀. Ti òkè òkun, wọ́n á fún yín, wọ́n á kúrò lọ́nà yín. Ti alága kánsù, kò sí ìwé, kò sí iye kan pàtó, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọrin nípa ọ̀nà Ìmọ́tà tó bàjẹ́, wọ́n á pè yín pé ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí Ọlọ́lá ṣe fún yín ni. Ẹ má gba irú owó yẹn láìsí ìwé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ kan báyìí ni mò ń bọ̀ wá ṣeré, iye báyìí ni owó mi, orin mi tó kù tèmi ni. Àwọn tó bá fẹ́ orin lóòótọ́ á fọwọ́ sí i. Àwọn tí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rà gan-an kí ẹ tó gbé ohun èlò yín sínú mọ́tò.